Àwọ̀ Méje Ọ̀gá Ẹ-Dìde

Ẹ pa kọ̀ǹpútà yín dé ná. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún yín láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù, ṣùgbọ́n òfin yàrá yìí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ kankan kun òjò àfi tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọ̀gá kan tó jókòó sórí àga tó ga jù lọ nílé iṣẹ́ ojú ọjọ́ yìí rí. Ìtàn náà kò gùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà ló gùn.

Orúkọ àti oyè tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ gba ìlà mẹ́rin, a ò sì ní í pe ìkankan nínú wọn níbí. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn ni Ẹ-Dìde. Ó ní ọkùnrin kan tó ń bá a gbé àpò, iṣẹ́ agbápò náà kò sì ju pé kó ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá, kó sọ pé, "Ẹ dìde." Gbogbo ènìyàn á dìde. Ẹ-Dìde á wọlé, á wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fa àga rẹ̀, á tún dúró díẹ̀ sí i kí wọ́n lè rí i dáadáa, lẹ́yìn náà ló máa tó jókòó. Bó bá wá rántí pé òun gbàgbé awò ojú òun sí yàrá kejì, tó lọ mú un, wọ́n á tún dìde nígbà tó bá dé. Orúnkún àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ le koko nígbà náà ju ti àwọn ọmọ ọlọ́gbọ̀n ọdún lọ.

Igbákejì rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Òun ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ìyẹn náà kò sì nílò àlàyé. Ẹ má bá a wí jù. Ẹni tó ń gba ìyìn ló ń wá ìyìn kiri, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kàn ń gbé e wá ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò dá bí Ẹ-Dìde ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò rí i? Òjò rí i pé ẹ̀yin ni, ó sì dákẹ́." Ẹni tó bá ní làákàyè á rẹ́rìn-ín. Ẹ-Dìde kò rẹ́rìn-ín o. Ó gbójú sókè, ó mi orí díẹ̀ bí ẹni tó ń dáhùn ìkíni òjò, ó sì wọlé. Ó gbà á gbọ́. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó fi ọdún méje gbáko kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ọjọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó gbà pé òjò ń bọ̀wọ̀ fún òun. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà náà, òun náà ni ẹ̀yin wá ṣe. Sátẹ́láìtì wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń wo orí ìkùukùu. Ohun tó ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe fọ́tò bí ẹ ṣe rò. Nọ́ńbà ni: ibi kọ̀ọ̀kan, àti bí orí ìkùukùu ibẹ̀ ṣe tutù tó. Ìkùukùu tó bá ga ló ń tutù, èyí tó bá sì tutù jù, abẹ́ rẹ̀ ni òjò ńlá, ìjì àti àrá wà. Ta ló máa jókòó ka àìmọye nọ́ńbà? Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi ń kọ kóòdù tó ń wọ aṣọ fún wọn: nọ́ńbà báyìí, àwọ̀ báyìí. Bí ẹ bá to àwọ̀ náà tẹ̀ lé ara wọn láti ibi tó gbóná dé ibi tó tutù, òun là ń pè ní àtẹ̀gùn àwọ̀. Apẹja ń wò ó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá tó fẹ́ sá aṣọ náà ń wò ó.

Obìnrin kan ló ń kọ kóòdù náà, Ìyá Kóòdù ni wọ́n ń pè é. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n kàn ń pè é ní ìyá ni, torí bó bá ń ṣàlàyé nǹkan fún ènìyàn, ṣe ló máa dà bíi pé ó ń bu oúnjẹ fún un, kò sì ní í gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ títí tó fi máa yó. Àtẹ̀gùn tó ṣe rọrùn. Ilẹ̀ gbígbóná jẹ́ àwọ̀ eérú fífẹ́lẹ́. Bí ìkùukùu ṣe ń ga, eérú náà ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di pupa, pupa náà á máa jinlẹ̀ sí i títí dé èyí tó ṣókùnkùn jù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò rẹwà rárá. Ṣùgbọ́n ọmọdé á wò ó, á sì fọwọ́ tọ́ka ibi tí òjò wà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi lò ó, kò sẹ́ni tó yìn ín, kò sì sẹ́ni tí òjò ká mọ́ òde.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní Mínísítà ń bọ̀ wá bẹ ilé iṣẹ́ wò. Wọ́n tún ní ó ń wá ẹni tó máa fi ṣe Olùdámọ̀ràn Àgbà, ipò tó ní ọ́fíìsì ńlá, ọkọ̀ ńlá, àti agbápò méjì. Agbápò méjì yẹn ló wọ Ẹ-Dìde lára jù. Ó ti rí i lọ́kàn ara rẹ̀ bí ọ̀kan á ṣe sọ pé "Ẹ dìde" níwájú, tí èkejì á sì tún un sọ lẹ́yìn, fún àwọn tó bá pẹ́ kí wọ́n tó dìde.

Ó lọ dúró níwájú ògiri tí àwòrán sátẹ́láìtì wà, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Kí ni èyí?"

"Ìkùukùu ni, sà," Ìyá Kóòdù dáhùn. "Ti aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí."

"Mo mọ̀ pé ìkùukùu ni. Ohun tí mò ń béèrè ni ìdí tó fi dà bí aṣọ ìbora ilé ìwòsàn. Ṣé ohun tí èmi, Olórí Ojú Ọ̀run orílẹ̀-èdè yìí, máa gbé síwájú Mínísítà nìyí?"

"Olórí Ojú Ọ̀run," Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà tún un pè jẹ́jẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kó tó di ọ̀sán, ìlà mẹ́rin ara ilẹ̀kùn ti di márùn-ún.

Wọ́n gbé Ìgbìmọ̀ Àwọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlá jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kóòdù lè parí kí omi tó hó. Wọ́n ní kí àwọn tó ń ta ọ̀dà gbé páálí àwọ̀ wọn wá. Wọ́n tú kọ́tìnì ọ́fíìsì Ẹ-Dìde sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n ń fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Wọ́n fi odindi ọ̀sán kan jiyàn bóyá ó yẹ kí àwọ̀ ewé ṣáájú àwọ̀ ọsàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ẹ-Dìde ṣí ìpàdé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "kí ni àwọ̀? Àwọ̀ ni ojú. Kí ni ojú? Ojú ni ọ̀run. Kí ni ọ̀run? Ọ̀run ni ìjọba. Kí sì ni ìjọba?" Ó dúró, ó ń retí kí ẹnì kan bá òun parí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà," Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bá a parí ẹ̀.

Àṣẹ mẹ́ta ló wá já sí. Àwọ̀ máa jẹ́ méje, elésè àlùkò gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn wọn nítorí pé òun ni àwọ̀ táì Ẹ-Dìde, ọ̀gá kì í sì í jókòó sétí. Èkejì, kò gbọdọ̀ sí pupa. "Pupa ń dẹ́rù ba ará ìlú," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú ọ̀run mi kí àyà rẹ̀ já." Ẹ̀kẹta ni èyí tó gbé e ṣubú, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju méjì tó kù lọ.

"Wọ́n ní nọ́ńbà yìí máa ń tutù kọjá ọgọ́rin dígírì nísàlẹ̀ òdo," ó ní. "Kí ló ń wá lọ síbẹ̀? Ọgọ́ta tó. Ìkùukùu tó bá tutù ju ọgọ́ta lọ, àìgbọràn ló ń ṣe é."

Ìyá Kóòdù nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àtẹ̀gùn wa lè parí sí ọgọ́ta, ṣùgbọ́n ìjì ò ní í parí síbẹ̀. Èyí tó bá kọjá ọgọ́ta ńkọ́? Àwọ̀ wo ni ká fún un?"

"Má fún un ní nǹkan kan."

"Tí mi ò bá fún un ní nǹkan kan, sà, funfun ló máa jẹ́. Bébà lásán. Ibi tó burú jù á wá dà bí ibi tí òjò ò sí."

Ẹ-Dìde rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fara ti àga. "Ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ pé funfun ni ìmọ́tótó? Ìkùukùu tó bá ti tutù tó bẹ́ẹ̀, ó ti kọjá ìdọ̀tí. Ó ti di mímọ́."

"Mímọ́," Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ní, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ènìyàn mọ́kànlá tó wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án ló mọ̀ pé òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ. Wọ́n wo tábìlì. Tábìlì tó dára ni, ẹ má purọ́ mọ́ wọn, ó tó wò. Tí mo bá sì ní kí n sọ òótọ́ tó kù, ẹni tó jókòó sórí àga ńlá náà mọ̀. Ọdún méje ló fi kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n níbì kan nísàlẹ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyìn ti kún ibẹ̀ débi pé kò ráàyè dé ọ̀dọ̀ ohun tó mọ̀ mọ́.

Ìyá Kóòdù lọ kọ kóòdù náà bí wọ́n ṣe ní kó kọ ọ́. Ẹ ó rí i nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pé ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ kan sínú kóòdù tí kọ̀ǹpútà ò ní í kà, tó jẹ́ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó bá ṣí i ló máa rí i. Lábẹ́ ìlà tó sọ gbogbo ohun tó kọjá ọgọ́ta di funfun, ó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i. Ẹ máa gbọ́ ohun tó kọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn ilé, kó máa ṣọ́ àwọn agolo tí wọ́n fi ń wọn òjò. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó béèrè ìbéèrè níwájú ènìyàn.

Ẹ-Dìde ní ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí jẹ́jẹ́, torí òun ni gbogbo ìtàn náà. Aránṣọ ni màmá náà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ṣoṣo, láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi gboyè. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ohun tó ń bẹ ọmọ náà kò ju pé kó jẹ́ kóun fojú ara òun rí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀hún ṣì ń ríran. Ọmọ náà kò ráàyè. Ó ń bá àwọ̀ ṣèpàdé. Nígbà tí àtẹ̀gùn náà parí tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é, ó wá rántí ìyá rẹ̀, ó gbé fóònù lọ bá a.

"Ẹ wò ó, Màmá. Àwọ̀ méje. Orúkọ mi ló ń jẹ́."

Màmá gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́. "Ó rẹwà," ó ní. "Ta ló gé e?"

"Kò sẹ́ni tó gé e, Màmá."

"Ihò wo wá ni èyí láàárín?"

"Ibi mímọ́ nìyẹn."

"Mo ti ń ránṣọ láti ọgọ́ta ọdún," Màmá ní. "Aṣọ tó ń nípọn bọ̀, tó ń nípọn bọ̀, kì í kàn dédé di ihò láàárín. Ẹnì kan ló fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gba fóònù. Irú ẹ̀rín tí ọ̀mọ̀wé máa ń rín fún ìyá rẹ̀ ni. "Ẹ máa wá ní Ọjọ́bọ̀. Àga iwájú ni mo fi yín sí. Ẹ ó rí bí gbogbo wọn ṣe máa dìde fún mi."

"Màá wá," ìyá rẹ̀ ní. "Ṣebí wọ́n á jókòó padà kí n lè rí ọ?"

Ọjọ́bọ̀ dé. Pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ṣe é, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n tẹ àtẹ̀gùn àwọ̀ méje náà sórí tapólì kan tó ga ju ilé lọ, wọ́n fi irin gbé e dúró síwájú àwọn àga, pèpéle tí Ẹ-Dìde máa dúró sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòrán ojú ọ̀run ọjọ́ náà gan-an ló wà lórí rẹ̀, ti òwúrọ̀, ìkùukùu elésè àlùkò ńlá kan láti ìlà oòrùn, tó ní ihò funfun róbótó láàárín. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ń gbé tuntun wá nínú fóònù ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Ihò náà ń fẹ̀ sí i, ó sì ń bọ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ìkùukùu ń yà fún wa. Tó bá fi máa di aago mẹ́ta, inú ibi funfun yẹn la máa wà."

Inú Ẹ-Dìde dùn débi pé ó pa àṣẹ kan tí mo ṣì máa ń rántí láàárín oúnjẹ, tí màá sì ti abọ́ náà kúrò níwájú mi. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo kánópì kúrò lórí àwọn ènìyàn. "Kí Mínísítà lè rí ọ̀run tí mo kun," ó ní. Wọ́n tú u. Wọ́n mú Màmá wá, wọ́n fi í jókòó sí àga iwájú, lábẹ́ tapólì ńlá yẹn, ìborùn funfun kan wà léjìká rẹ̀.

Nínú yàrá ìkẹ́rùsí, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà tí kì í fi àwọ̀ hàn rárá. Nọ́ńbà lásán ló ń kọ. Ìyá Kóòdù jókòó sídìí rẹ̀, ó ń wò ó: méjìdínlọ́gọ́ta, mẹ́tàlélọ́gọ́ta, mọ́kànléláàádọ́rin, méjìlélọ́gọ́rin. Ó dìde, ó sáré wá sí pápá. Agbápò na ọwọ́ dí i lọ́nà, ó bi í bóyá ó gba ìwé àṣẹ láti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ láti ibi tó wà.

"Sà, ó ti dé méjìlélọ́gọ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọlé."

Ẹ-Dìde ń to ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti parí," ó ní. "Padà sídìí agolo rẹ."

Obìnrin náà wo ọ̀nà àwọn àga, ó sì lọ. Ẹ-Dìde kò wo ibi tó gbà.

Mínísítà dé. Agbápò ní kí wọ́n dìde, wọ́n dìde. Ẹ-Dìde gun pèpéle, wọ́n tún dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní ojú ìwé kẹta ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oòrùn. Ní ìkẹsàn-án ó ṣàlàyé bí táì ṣe lè darí orílẹ̀-èdè. Ó ti dé ojú ìwé kẹtàdínlógún nígbà tó na ọwọ́ sí tapólì náà.

"Ní ìṣẹ́jú yìí gan-an," ó ní, "àwa tí a wà níhìn-ín wà ní àárín gbùngbùn ibi funfun. Kò sí ibi tó mọ́ tó ibi tí ẹsẹ̀ yín wà yìí ní gbogbo orílẹ̀-èdè."

Afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ kọjá láàárín àwọn àga. Ojú ọjọ́ ṣú dùdù. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wo òkè, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo òkè.

"Ó ṣì funfun, sà," ó ní.

Mínísítà ló kọ́kọ́ dìde. Agbápò kò sọ nǹkan kan. Gbogbo wọn dìde tẹ̀ lé e, ìyẹn sì ni ìdìde tó yá jù lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bàtà Mínísítà kan ṣẹ́kù sí pápá. Òjò náà kò kán tótó rárá, ṣe ló dà. Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n fò lọ bí ẹyẹ lékeléke. Ẹ-Dìde ṣì di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fara balẹ̀, pé ibi mímọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni irin kérora lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tapólì àwọ̀ méje náà tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ síwájú sí i, ó sì wó lulẹ̀ sórí ìlà àga iwájú.

Ìgbà yẹn ni Ẹ-Dìde rántí ẹni tó fi síbẹ̀.

Ó bẹ́ sílẹ̀ lórí pèpéle. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wo ẹ̀yìn, kò rí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Kò rí agbápò. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé irin, irin kò ṣeé gbé. Ó wá fi ọwọ́ ya tapólì náà, níbi funfun yẹn gan-an torí òun ló bọ́ sórí àga Màmá, ó fi èékánná ya á, ó fi eyín ya á, ó ń pe ìyá rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n sọ nù lọ́jà. Ó rí àga náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣẹ́. Ìborùn funfun wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ tó di ìborùn náà mú. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká.

"Màmá wà ní yàrá ìkẹ́rùsí, sà," Ìyá Kóòdù ní. Òjò ti lù ú dé egungun. "Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wá bá mi wo kọ́tìnì mi tó ya. Wọ́n ti tẹ̀ lé mi látìgbà tí ẹ ti wà ní ojú ìwé kejì. Ìborùn yẹn, wọ́n fi gba àyè sílẹ̀ ni, kí ẹlòmíì má baà jókòó síbẹ̀."

Ẹ-Dìde wo obìnrin tó rán lọ sídìí agolo. Ó jókòó pẹ̀ẹ́rẹ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú táì elésè àlùkò rẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dín kù, tí ìyá rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí, abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dìde nínú ẹrẹ̀," Màmá ní.

Ó dìde.

Kò sẹ́ni tó kú. Ènìyàn mẹ́ta fara pa, ọ̀kan nínú wọn ṣẹ́ lápá, òun ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣì máa ń fi apá náà kí mi báyìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí kò yẹ mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí wá. Wọ́n bi Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bóyá ó fọwọ́ sí i pé kí ibi tó burú jù di funfun. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́." Ẹnu ya gbogbo ènìyàn, wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ-Dìde alára ti kọ ojú ìwé ogójì, tó fi ṣàlàyé pé obìnrin tó kọ kóòdù náà ló ṣe àṣìṣe. Ó gbé e sí iwájú rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ lé e lórí.

Alága ìgbìmọ̀ ní kí Ìyá Kóòdù ṣí kóòdù náà kí wọ́n rí i. Ó ṣí i sára ògiri. Ìlà tó sọ ibẹ̀ di funfun nìyí, ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ìjì nìyí. Alága kà á sókè:

"Ọ̀gá ló ní kí ibi yìí di funfun. Mo sọ fún wọn, wọn ò gbà. Ìwọ tó bá ń ka èyí, ibi funfun ló burú jù. Jọ̀ọ́, kó àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀."

Wọ́n yíjú sí Ẹ-Dìde. Ó wo ojú ìwé ogójì rẹ̀. Ohun tó ń rí kì í ṣe ìwé náà mọ́, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ́ ló ń rí.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Èmi ni."

Ìdáhùn tó kúrú jù lọ tó tíì fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà nìyẹn. Wọ́n gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba agbápò, wọ́n tú ìlà márààrún kúrò lára ilẹ̀kùn. Ihò ìṣó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó. Ìyá Kóòdù ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá. Ní ọjọ́ kejì tó wọ ọ́fíìsì, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà," obìnrin náà ní. "Ọdọọdún ni àwọn tuntun á máa wá. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan àwọ̀, mo fẹ́ kí ẹ máa sọ fún wọn."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi ibì kankan sílẹ̀ ní funfun."

Mo ti rí i pé látìgbà tí ẹ ti wọlé lẹ ti ń jí kọ́tìnì ojú fèrèsé yìí wò, ẹ ń ronú pé ta ló fi irú nǹkan yìí dí oòrùn. Ara tapólì yẹn la ti gé e. Ẹ kà á, àwọ̀ méje ló wà níbẹ̀, elésè àlùkò wà láàárín. Ibi funfun tó ti ya yẹn, wọ́n ti fi aṣọ pupa lẹ̀ ẹ́, pupa tó ṣókùnkùn jù lọ tí wọ́n rí. Rírán rẹ̀ kò gún, torí ẹni tó rán an kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ nígbà yẹn, ọwọ́ ló fi ń wá etí ihò náà. Màmá mi ló rán an.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ẹ má dìde. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà yín.